Ọkọ̀ kékeré wo ni kí n rà fún ọmọ mẹ́ta àti ìrìn ìgboro Ìbàdàn?

ÌyáMẹ́ta
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Akóbò là ń gbé, Bódìjà ni ilé-ìwé àwọn ọmọ mi mẹ́ta wà, Dùgbẹ̀ lèmi ti ń ṣiṣẹ́. Àgbà inú wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbíkẹ́yìn jẹ́ mẹ́ta. Màíkírà àti Márúwá la ń wọ̀ káàkiri, owó ọkọ̀ sì ti ń jẹ owó oúnjẹ. Baálé mi ń ṣiṣẹ́ l'Ábẹ́òkúta, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, nítorí náà èmi ni n ó máa wa ọkọ̀ náà.

Owó àjọ àti ẹ̀yáwó alájẹṣẹ́kù tí a pa pọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 6 náírà, kò sì sí ibi tí a ti máa rí òmíràn kún un. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra Kia Picanto, torí pé kì í mu epo. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní Yaris. Àbúrò ọkọ mi ní bí kì í bá ti ṣe Corolla, kí n kúkú máa wọ Màíkírà mi lọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ́tò o, mi ò lè máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì jó nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìwó Ròòdù. Ẹ̀yin tí ẹ ti lò wọ́n, kí lẹ rí sí i?

ỌmọBẹẹrẹ
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ṣé kì í ṣe Ìbàdàn la wà ni? Ẹ ra Màíkírà. Ọmọ iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lánàá lè tú u palẹ̀ kó sì tò ó padà. Kò sí ìsọ̀ tí ẹ máa yà sí ní Gate tí ẹ ò ní bá páàtì rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá ọ́tò rẹ̀ tó ṣì mọ́, owó á tún ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín.

ÌyáMẹ́ta
@ỌmọBẹẹrẹ ẹ̀gbọ́n mi, kí n tó gbé àwọn ọmọ dé Bódìjà, èèyàn mélòó ló máa ti dá mi dúró pé "Dùgbẹ̀ ńkọ́?"

ArábìnrinBódìjà
Ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn jàre. Owó epo ti wọlé nìyẹn.

Ọ̀gáMẹkáníìkì
Àwàdà dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dá sí ọ̀rọ̀ ìyá yìí dáadáa. Màíkírà tí gbogbo wa mọ̀ ní Ìbàdàn, èyí tó kéré jù nínú wọn ti lé ní ogún ọdún. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní wàhálà, abẹ́ rẹ̀ ló ti jẹrà. Mo ti gbé ọ̀pọ̀ sókè tó jẹ́ pé òdà nìkan ló di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ kó ọmọ sí, mi ò lè ní kí wọ́n rà á.

Picanto kò burú, àmọ́ kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń rà. Èyí àkọ́kọ́, tó jáde láti 2004 wọ 2011, timing belt ló ń lò. Rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì ni, ó ní iye ìrìn tó máa rìn kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń tà á kò ní sọ fún yín ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, òun gan-an kò mọ̀. Bó bá já lórí eré, fáàfù á kan pístìn, ẹ̀ ń wá ẹ́ńjìnnì mìíràn nìyẹn. Ṣéènì onírin ni Yaris àti Corolla ń lò dípò rẹ̀. Bí ọkàn yín bá ṣì wà lọ́dọ̀ Picanto yẹn, ẹ yọ owó bẹ́líìtì, tẹ́ńsọ́nà àti pọ́ǹpù omi sápá kan kí ẹ tó dá owó lé e, ẹ má sì gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní "wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é ni."

OníṣiròOjota
Gbogbo èèyàn ló ń sọ "kì í mu epo, kì í mu epo", kò sẹ́ni tó ń ṣírò ẹ̀. Mo ti bá àwọn ará ọ́fíìsì mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká fi Yaris 2007 ẹlẹ́ńjìnnì 1.5 àti Corolla 2005 ẹlẹ́ńjìnnì 1.8 ṣe àpẹẹrẹ, ọ́tò làwọn méjèèjì. Ká ní nínú ìrìn ìgboro, lítà kan gbé Yaris rin nǹkan bíi kìlómítà 12, ó gbé Corolla rin nǹkan bíi 10 àbọ̀. Bí ẹ bá ń rin kìlómítà 40 lójúmọ́, ohun tó wà láàárín wọn kò tó ìdajì lítà. Ní ọjọ́ 25 tí èèyàn fi ń lọ síbi iṣẹ́ lóṣù, nǹkan bíi lítà 12 ni. Ká ní epo jẹ́ ₦900 lítà kan, kò tó ₦11,000 lóṣù.

Mi ò ní ₦11,000 kì í ṣe owó o. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, kò sówó tó kéré mọ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tó bá bàjẹ́ á gba owó oṣù mélòó kan nínú ẹ̀ lọ. Ẹ má torí epo nìkan ra ọkọ̀. Àti pé nínú gó-sílò, pẹ̀lú AC, bí ẹ́ńjìnnì kékeré ṣe ń jó epo lórí ìdúró ni ńlá náà ń jó o. Ẹ́ńjìnnì 1.0 tó gbé èèyàn márùn-ún, tí AC ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, tó wá ń gun òkè Mọ́kọ́lá, ẹsẹ̀ yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ lórí tọ́rọ́tù. Ibo ni epo tí ẹ ń ṣọ́ wà níbẹ̀?

ÌyáÌbejì
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ́ńjìnnì ni tiyín. Ta ló ti béèrè ibi tí ọmọ mẹ́ta máa jókòó sí?

Ìyá wa, ẹ kó àwọn ọmọ dání lọ síbi tí ẹ ti máa wo ọkọ̀. Ẹ má fi ojú inú díwọ̀n ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú báàgì ilé-ìwé wọn, kí ẹ gbé ìjókòó ọmọ kékeré náà síbẹ̀, kí ẹ wá ti ilẹ̀kùn. Nínú Picanto, èyí àgbà á ti máa gbá èyí àárín nígùnpá kí ẹ tó kúrò ní géètì, búùtì rẹ̀ ò sì gbà ju báàgì mélòó kan lọ. Yaris méjì ló wà: èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gé kúrú, àti èyí tó ní búùtì gígùn. Búùtì eléyìí kejì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Corolla.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìyá kò mọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ìparí 2002 máa ń ní irin tí wọ́n fi ń so ìjókòó ọmọ mọ́ ọkọ̀. Kò hàn síta. Ẹ ki ìka bọ àárín ibi ìjókòó àti ibi ìfẹ̀yìntì ní ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ máa kan irin róbótó kékeré méjì. Bí ẹ ò bá kàn án, tàbí tó ti tẹ̀, ẹ bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn. Ẹ tún wo bẹ́líìtì ti àárín: láti 2008, gbogbo ọkọ̀ Amẹ́ríkà ló gbọ́dọ̀ ní èyí tó gba èjìká kọjá níbẹ̀, kì í ṣe ti ìbàdí nìkan.

ÌyáMẹ́ta
Ọlọ́run á bá mi san án fún yín, ìyá. Mi ò mọ ti irin yẹn rí láyé mi.

Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Peckham, London, ó ní òun lè fi Aygo ìyàwó òun ránṣẹ́ sí mi, kí n kàn san owó ọkọ̀ ojú omi. Ṣé kí n gbà?

AráPeckham
Ẹ sọ fún un kó má wulẹ̀ dá ara ẹ̀ láàmú. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ ibí wà, ilé sì ti kúrò nínú ìyẹn láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Wọn kò ní jẹ́ kó wọlé. Àwọn kan á ní àwọn máa gbé sítíárìn sí òsì fún yín, ẹ sá fún irú wọn. Wọ́n á gé dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á fi wáyà so ó pọ̀, bíréèkì náà á wá di àdúrà.

Àwa níbí, wàhálà tiwa yàtọ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2023 ni ULEZ, agbègbè owó èéfín ọkọ̀, ti gba gbogbo London, £12.50 lójúmọ́ ni fún ọkọ̀ tí èéfín ẹ̀ bá pọ̀ jù. Bẹntiróòlù 2006 síwájú sábà máa ń bọ́, dísẹ́lì ló ń kó bá èèyàn. Ẹ̀gbọ́n yín lè ta Aygo ẹ̀ níbí kó fi owó ránṣẹ́. Ìyẹn ló máa wúlò fún yín.

AlhajiMuscle
Mílíọ̀nù 6 kẹ̀? Ẹ wá mílíọ̀nù kan sí i, ẹ ra Camry Muscle, kí ara tu àwọn ọmọ. Toyota ni Toyota ń jẹ́.

Ọ̀gáMẹkáníìkì
@AlhajiMuscle ẹ má bínú sí mi o, alhaji. Muscle ẹlẹ́ńjìnnì 2.4, èyí tí wọ́n ṣe láti 2007 sí 2009, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń jẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, Toyota gan-an gbà bẹ́ẹ̀ l'Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń wà á níbí mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì nínú búùtì wọn. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kò nílò ìyẹn láàárọ̀ kùtù.

Bí mo ṣe ti dá sí i yìí, ẹ jẹ́ kí n kúkú tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Honda Civic 2006 sí 2008, ẹ́ńjìnnì 1.8: ó dùn ún wà, àmọ́ irin ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a máa sán, omi ráàdíétọ̀ á sì máa jò díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ẹ rí ìwé pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Nissan Versa àti Sentra tí gíà wọn jẹ́ CVT, irú gíà ọ́tò kan, gíà náà ló máa jẹ owó ọkọ̀. Ford Focus 2012 sí 2016 ẹlẹ́ńjìnnì epo tó jẹ́ ọ́tò: ó ń gbọ̀n bó bá fẹ́ gbéra, àwọn tó ni ín l'Amẹ́ríkà gbé Ford lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀. Golf àti Peugeot, bí ẹ bá ní mẹkáníìkì tó mọ̀ wọ́n dénú, ẹ máa rà. Bí ẹ ò bá ní, ẹ máa bọ́ àwọn ọmọ mẹkáníìkì kún ọmọ tiyín.

Ohun tó kù fún owó yín ni Yaris 2007 sí 2010, Corolla 2003 sí 2008, àti Matrix. Ẹ́ńjìnnì Corolla yẹn ló wà nínú Matrix, Pontiac Vibe náà ọ̀kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀. Àwọn tó ń wá Toyota kì í wo Vibe, owó rẹ̀ a sì máa rọlẹ̀ díẹ̀.

ỌmọLádìpọ̀
Mo ń ta páàtì ní Ládìpọ̀, mo fara mọ́ ọ̀gá. Páàtì Corolla àti Matrix kún ilẹ̀, Bẹ́líjíọ̀mù rẹ̀ wà, China rẹ̀ wà. Ti Yaris wà náà, àmọ́ àwọn nǹkan bí iná iwájú, bọ́ńpà àti gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í pọ̀ tó ti Corolla, wọ́n sì máa ń gbówó lórí. Ẹni tó bá ń gba Ìwó Ròòdù kọjá lójoojúmọ́ mọ̀ pé bọ́ńpà kì í pẹ́ bàjẹ́.

AráPeckham
Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá airbag Takata, báàgì tó ń fẹ̀ láti gba èèyàn bí ọkọ̀ bá kan nǹkan, wà nínú ọkọ̀ náà. Mi ò tíì rí ẹni tó dárúkọ ẹ̀, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà.

Takata jẹ́ ilé-iṣẹ́ Japan tó ṣe airbag fún Toyota, Honda, Nissan, Ford àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Kẹ́míkà tó ń mú airbag náà fẹ̀ wà nínú agolo irin. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá kẹ́míkà yẹn jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, agbára rẹ̀ á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá wá kan nǹkan, agolo náà á fọ́, àfọ́kù irin á sì ta lu ojú àti ọrùn ẹni tó jókòó. Ó ti pa èèyàn l'Amẹ́ríkà, ó pa ní Malaysia. Ooru àti ọ̀rinrin, ṣé ẹ rí i pé tiwa ni wọ́n ń bá wí? Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, Toyota kéde l'Amẹ́ríkà pé kí àwọn tó ní Corolla àti Matrix 2003 àti 2004 tí wọn kò tíì pààrọ̀ airbag náà má wà á mọ́ rárá. Yaris náà wà lára àwọn tí wọ́n pè padà fún àtúnṣe.

Nọ́ńbà ṣáásì ni ẹ máa gbà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, ó tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ojú-òpó NHTSA, àjọ ààbò ọkọ̀ Amẹ́ríkà, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Bí àtúnṣe kan bá wà tí wọn kò ṣe kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́hùn-ún, á hàn níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ń ka nọ́ńbà náà, ẹ kà á dé ìkẹwàá: 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010. Ẹni tó bá ń ta 2007 ní owó 2010 á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ẹ bá dé ibẹ̀.

Ọ̀gáMẹkáníìkì
Àbúrò Peckham, o ṣeun gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún ti airbag. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá síbí, ọjà gbàǹjo ni wọ́n ti rà á lẹ́yìn ìjàǹbá. Airbag ti tú, wọn ò ní fi òmíràn sí i, wọ́n á kàn rán ìdérí rẹ̀ kó lè dà bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti máa tàn, ẹ má tíì tan ẹ́ńjìnnì. Iná airbag á tàn, á sì kú fúnra ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ti báátìrì kò ní kú, ẹ́ńjìnnì ló ń pa ìyẹn. Bí iná airbag kò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀. Bó bá dúró pẹ̀lú ti báátìrì, tí àwọn méjèèjì wá kú pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tàn, rewáyà ti so wọ́n pọ̀ láti fi tàn yín jẹ.

Nínú Yaris, aago ìsáré rẹ̀ kò sí níwájú awakọ̀, àárín dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa wò, kí ẹ má fi ojú wá a lẹ́yìn sítíárìn.

Ti ọkọ̀ tí omi bò: ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin. Wọ́n á fọ ìjókòó, wọ́n á fín lọ́fínńdà, wọn kì í rántí ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì. Ẹrẹ̀ á wà níbẹ̀.

TundeCNG
Ẹ̀yin ẹ wà lórí epo síbẹ̀? Ẹ yí i sí gáàsì CNG, ẹ sinmi.

ÌyáÌbejì
@TundeCNG sílíńdà á gba búùtì Yaris tán. Ibo ni báàgì ọmọ mẹ́ta àti àpò gàrí máa wọ̀? Bí wọ́n bá sì ń tò fún gáàsì láàárọ̀, ta ló máa gbé ọmọ lọ sílé-ìwé?

ÌyáMẹ́ta
Mo ti kà gbogbo ẹ̀ tán, mo tún kọ ọ́ sínú ìwé. Mo lọ wo Yaris kan lọ́sàn-án yìí, àwọ̀ eérú, ẹni tó ń tà á ní 2009 ni, tòkunbọ̀ gidi, wọn ò kùn ún rí. Àwọn ọmọ jókòó, wọ́n gba ara wọn. Mo kan irin méjèèjì. Ni mo bá yí kọ́kọ́rọ́ bí ọ̀gá ṣe wí, mo dúró. Iná airbag ò kú. Mo dúró títí ọkùnrin náà fi ní "Madam, ẹ tan án nísisìnyí." Bí mo ṣe tan án, iná airbag àti ti báátìrì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ka nọ́ńbà ṣáásì, ìkẹwàá, 7 ni. Mo sọ fún un. Ó ní "ìyẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà." Mo kó àwọn ọmọ mi, mo lọ.

ArábìnrinBódìjà
Ìyá ti di ọ̀gá mẹkáníìkì!

ÌyáMẹ́ta
Òmíràn wà ní Challenge. Corolla 2006, tíṣà kan ló ti ń lò ó nílẹ̀ yìí, ìwé rẹ̀ pé, mílíọ̀nù 5 ó lé 800,000 ló ń pè é. Èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí ń bà mí lẹ́rù díẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀ mọ́ lójú-òpó tí arákùnrin Peckham sọ, wọ́n ti ṣe ti airbag rẹ̀ kó tó dé. Ọ̀gá, kí lẹ rí sí i?

OníṣiròOjota
Ẹ wo ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Bí tíṣà náà bá ń fi ṣe Bolt ní ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ló máa jẹ jù, òun àti ọwọ́ ilẹ̀kùn ibẹ̀. Kí ẹ sì ná an sílẹ̀. Ìyípadà orúkọ, táyà àti sáfíìsì ń dúró dè yín, ìnṣọ́ránsì kékeré nìkan ti di ₦15,000 láti 2023. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Bó bá ti gbó, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò lára ohun tó ń pè.

Ọ̀gáMẹkáníìkì
Èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí kì í ṣe àbùkù, tí ẹni tó lò ó bá mọ ojú ẹ̀. Mo mọ Challenge dáadáa, mo lè bá yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ pè é nísisìnyí, ẹ ní kó má tan ọkọ̀ náà láàárọ̀ kí a tó dé. Mo fẹ́ gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún lórí òtútù, kí n rí àwọ̀ èéfín àkọ́kọ́, kí n mọ̀ bóyá gíà ń kọ́kọ́ ronú kó tó wọlé. Bí mo bá gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó gbóná, mo máa padà sílé. N ó mú ẹ̀rọ skáànù mi dání. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àṣìṣe rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, á hàn pé kò tíì parí àyẹ̀wò ara rẹ̀.

ÌyáMẹ́ta
Mo ti pè é. Ó ní ká dé ní aago 7, òun ò ní fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Èló ni iṣẹ́ yín, ọ̀gá?

Ọ̀gáMẹkáníìkì
Ẹ ra ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì dání. Kí ata rẹ̀ pọ̀ o.

ỌmọBẹẹrẹ
Ẹ wọ Màíkírà lọ o, kí ẹ má pẹ́.